Ọ̀fun Balógun

Bí ẹ bá fẹ́ rí òmùgọ̀ tó lẹ́wà, ẹ wo ànímè, eré àwòrán tí wọ́n ń yà nílẹ̀ òkèèrè. Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yá àwọn ọmọbìnrin inú àwòrán náà ní ohùn, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní èdè àwọn tó yà wọ́n lè di èdè tiwa. Mo ti sunkún fún wọn, mo ti kígbe fún wọn, mo ti kú fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì máa ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi lẹ́yìn tí mo bá kú tán. Ohun tí mi ò tíì lè ṣe fún wọn ni kí n bọ̀wọ̀ fún àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń torí wọn sunkún.

Ẹ gbọ́ àṣìṣe wọn. Ọ̀kan á mú ọ̀tá rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbé idà lé e lọ́rùn, á wá ní kó máa lọ, kó lọ ronú pìwà dà. Ọ̀tá á lọ, á kó ogun dé, á dáná sun ìlú. Òmíràn kò ní lè gbá èèyàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ láìkọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí ẹ̀ṣẹ́ náà á gbà wọlé. Àmọ́ bàbá gbogbo wọn ni ẹni tí nǹkan ń ṣe tí kò ní sọ. Á fi ẹ̀jẹ̀ inú ikọ́ rẹ̀ pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní kò sí nǹkan kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àmọ́ àwọn tó ń kọ ìtàn wọ̀nyí ò gbọ́ òwe náà rí.

Olórí wọn ni Balógun. Ó wà nínú ìtàn àwọn olídà tí a ṣe fún ọdún bíi mélòó kan, ìtàn tó gbajúmọ̀ débi pé àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi àpá bíi tirẹ̀ kun ojú ara wọn. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ fún ọmọbìnrin onírun pupa tó fẹ́ràn rẹ̀, ọmọ ẹni tó ń po oògùn. Wọ́n fi idà olóró ṣá Balógun lápá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó mú ọmọbìnrin náà lọ sórí afárá, òjò ń rọ̀, ó sì wí pé: “Má tẹ̀lé mi. Ọ̀nà tí mò ń lọ ò gba ẹni méjì. Gbàgbé orúkọ mi.” Ó lọ. Apá náà jẹrà, wọ́n gé e, ogun tó yẹ kó fi apá náà jà sì gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́. Oògùn tó ń pa oró yẹn wà nínú àpò tí ọmọbìnrin náà gbé kọ́ èjìká lórí afárá. Mo rí àpò náà bí mo ṣe ń sunkún fún un. Wọ́n yà á dáadáa, tokùn tokùn.

Níbi iṣẹ́ wa, a kì í jọ wọ yàrá kan náà. Yàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ kéré, kò ní fèrèsé, wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, ẹnì kan péré ló ń gbà. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ fún Balógun á wọlé láàárọ̀, á sọ tirẹ̀ tán, á lọ. Tó bá di ọ̀sán, èmi á wọlé, wọn á fi ohùn rẹ̀ sí mi létí, èmi á sì máa dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá ọkùnrin tí mi ò mọ ojú rẹ̀ jà, tí mo bá a rẹ́, tí mo ní mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohùn náà jinlẹ̀, ó gbóná, ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì. Mo bá ara mi níbi tí mò ń tètè dé iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Mo pòṣé fún ara mi, mo sì tún tètè dé lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ tí mo rí i, ó dúró nídìí omi gbígbóná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fẹ́ ife rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, etí rẹ̀ tóbi, bọ́tìnnì kan ti já lára ẹ̀wù rẹ̀. Ó kí mi, ohùn Balógun sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?” ó bi mí.

“Mo rò pé ẹ ga ni.”

“Gbogbo èèyàn ló máa ń rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sunkún ibi afárá, àbí? Wọ́n fi í sí mi létí. Ó wọ̀ mí lára.”

“Ìbínú ni mo fi sunkún yẹn. Ọkùnrin yẹn ò gbọ́n.”

Ojú rẹ̀ yí padà bíi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo bú. “Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Kò fẹ́ kí wàhálà òun ràn án.”

“Ìfẹ́ wo? Ìgbéraga ni. Kò fẹ́ kí wọ́n rí òun nígbà tó bá rẹ òun.”

A jiyàn títí omi rẹ̀ fi tutù. Lọ́jọ́ kejì, dípò kó máa lọ sílé, ó dúró dè mí títí ọ̀sán kí a lè parí iyàn náà. A ò parí rẹ̀. Kó tó di ìparí ọdún, a ti fi “ẹ” sílẹ̀ láàárín wa, gbogbo ibi iṣẹ́ sì ti ń pè é ní Balógun, wọ́n ń pè mí ní aya Balógun. Mo máa ń ṣe bíi pé inú ń bí mi.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, èyí tó ń ránṣọ tí mò ń pè ní àǹtí, ló ṣe alárinà. Òun ló lọ ń yin ọmọkùnrin náà fún bàbá mi, tó ń sọ pé ó níwà, pé kì í mutí. Iṣẹ́ àga ni bàbá mi ń ṣe: ó ń tú àga tó ti gbó, ó ń fi tìmùtìmù tuntun sí i, ó ń kan án, ó ń bò ó. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ìyá mi kì í jìnnà síbẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lọ́dún náà, a sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ níbi tó ti lè rí tẹlifíṣọ̀n lápá kan, kó rí ọkọ rẹ̀ lápá kejì. Ohùn mi ló fẹ́ gbọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ànímè. Nígbà tó yá, ó mọ ọ̀rọ̀ inú wọn ju èmi tí mo sọ ọ́ lọ.

Bàbá mi lófin kan: ẹni tí kì í ṣe ará ilé kì í jókòó lórí àga tó bá ṣe. Bẹ́ǹṣì onípákó wà fún àwọn oníbàárà. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ló fi Balógun sí.

“Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọ̀gbẹ́ni?”

“Mò ń yá àwọn ẹni inú àwòrán lóhùn, bàbá.”

Bàbá mi yọ ìṣó lẹ́nu. “Ọ̀fun rẹ lọkọ́ rẹ nìyẹn. Ọkọ́ máa ń dá. Lọ́jọ́ tó bá dá ńkọ́?”

“Ọ̀fun mi ò lè bàjẹ́, bàbá. Mo máa ń tọ́jú ẹ̀.”

“Mi ò bi ọ́ bóyá ó lè bàjẹ́. Mo ní tó bá bàjẹ́ ńkọ́?”

Balógun rẹ ohùn sílẹ̀. “Màá máa jà nìṣó, bàbá.”

Ìyá mi gbójú sókè láti ibi tó wà, ó wò ó. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ gbólóhùn náà rí nínú àwòrán. Èmi náà ti gbọ́ ọ rí. Mo ní kò burú, ẹ̀rù ló ń bà á, ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà á di ohun tó bá wà nítòsí mú. Ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé láti ọjọ́ yẹn.

Ó ń wá, ó ń lọ. Ó ń bá bàbá mi di ìdí àga mú tí wọ́n bá ń na aṣọ lé e lórí. Nígbà tó ṣe, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ àga ẹlẹ́ni méjì kan tí oníbàárà kankan ò béèrè fún, ó bò ó ní aṣọ aláwọ̀ ewé, ó gbé e sí igun. Mo bi í pé ta ló ni ín.

“Ṣé àga gbọ́dọ̀ ní olówó kó tó di àga ni?” bàbá mi dá mi lóhùn. Àǹtí mi ṣẹ́jú sí mi. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Lẹ́yìn náà ni ohùn Balógun bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó ní eruku ni. Ó tún ní òtútù ni. Ó ń mu omi gbígbóná léraléra, kì í sọ̀rọ̀ tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, tí mo bá bi í, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rín náà ò ṣàjèjì sí mi. Mo rò ó títí, mo ní bóyá ó ti rí ẹlòmíràn, bóyá mo ti ń sú u. Mo ń ṣe iyèméjì nípa ara mi nítorí ọkùnrin tó kàn ń tọ́jú ikọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá bàbá mi tó jókòó tí kò kan nǹkan kan. Àǹtí mi fọwọ́ lẹ́rán lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ti fi àpò ìrẹsì tó ti gbó bo àga aláwọ̀ ewé.

“Ọkọ rẹ wá,” bàbá mi ní. “Mo ní kó jókòó, ó ní rárá. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o má tẹ̀lé òun. Pé ọ̀nà tí òun ń lọ ò gba ẹni méjì. Pé kí o gbàgbé orúkọ òun. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí olè, ó sì jáde.”

“Èmi ni ojú tì,” àǹtí mi sọ. “Ẹnu mi yìí ni mo fi yìn ín fún gbogbo yín.”

Kí n tó lè ronú kan ohunkóhun, ìyá mi sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀.

“Ibi afárá nìyẹn.”

A wò ó.

“Ọ̀rọ̀ tí Balógun inú àwòrán sọ lórí afárá ni. Kò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.” Ó yí sí mi. “Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Balógun sọ ọ́, ṣé òótọ́ ló sọ?”

“Rárá, mà. Irọ́ ni.”

“Kí ló ń ṣe é?”

“Oró idà.”

“Ó dáa. Lọ wo ohun tó ń ṣe tìrẹ.”

Ó yẹ kó dùn mí, ó sì dùn mí, àmọ́ ẹ̀gàn ló kọ́kọ́ dé. Ọkùnrin fẹ́ kọ̀ mí, kò tilẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fi kọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi etí ara mi gbọ́ nínú yàrá oní-fóòmù, èyí tí mo ti sunkún lé lórí gba owó iṣẹ́, òun náà ló kó wá sílé bàbá mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, níbi iṣẹ́, olùdarí wa sọ ìyókù fún mi. Balógun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsọ ìdí, wọ́n sì ti gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Nígbà tó ti lọ tán ni olùdarí tó gbọ́ pé kókó kan ló hù sí i lọ́fun, pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

“Ká ní ó sọ fún mi ni,” olùdarí ní, ojú rẹ̀ pọ́n, “à bá dá iṣẹ́ dúró. Àwọn tó ń yàwòrán náà ò tíì parí apá tó kù, kò sẹ́ni tó ń lé wa. Gbogbo wa ì bá sinmi títí ara rẹ̀ á fi yá. Mo ti bá ẹlòmíràn ṣàdéhùn báyìí, mi ò lè yẹ̀ ẹ́.”

Oògùn rẹ̀ wà nínú àpò wa. Mo rẹ́rìn-ín títí olùdarí fi bi mí bóyá nǹkan ń ṣe mí.

Nínú àwòrán, ọmọbìnrin onírun pupa sáré tẹ̀lé Balógun nínú òjò láìwọ bàtà. Èmi jẹun, mo wẹ̀, mo wọ bàtà mi, mo wọ bọ́ọ̀sì. Ó ń gbé ní yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà. Ó ṣílẹ̀kùn, báńdéèjì wà lọ́rùn rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọ́ka sí ọ̀fun, ó ju ọwọ́: dókítà ò fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ó fi hàn mí: “Mi ò fẹ́ kí o fẹ́ ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ ti dá.”

“Ta ló bi ọ́?” mo ní.

Ó tún tẹ̀ ẹ́: “Mo ṣe é nítorí ìfẹ́ ni.”

Mo pòṣé débi pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ nídìí táyà á ti gbọ́ ọ. “Ìfẹ́? O lọ dójú tì mí lọ́dọ̀ bàbá mi. O jẹ́ kí ojú ti àǹtí mi. Olùdarí ní ká ní o sọ ni, wọn ì bá dúró dè ọ́, iṣẹ́ rẹ ì bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. O pín ipa fún gbogbo wa láìbi wá, o fún mi ní ti ẹni tó ń sunkún lórí afárá, o mú ti akọni. Mi ò gbà á. Owó iṣẹ́ ni mo ń gbà kí n tó sunkún fún irú yín.”

Ó fẹ́ tún tẹ fóònù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì.

“Lọ́jọ́ tí dókítà bá ní o lè sọ̀rọ̀, wá sílé wa. Ẹnu rẹ ni kí o fi sọ ohun tó mú ọ purọ́. Bí o bá tún ní ìfẹ́ ni, màá ti ilẹ̀kùn, kò sì ní ṣí mọ́.”

Mo lọ. Mi ò sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Mo sunkún nígbà tí mo délé, inú ń bí mi pé mò ń sunkún.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Wọ́n ń fi ohùn Balógun tuntun sí mi létí lọ́sàn-án. Ohùn náà dáa, ó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kì í dúró kó tó sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì, ó máa ń já lù mí. Mo bá ara mi níbi tí mò ń dúró de ìdákẹ́jẹ́ẹ́ díẹ̀ tí kò wá mọ́. Àǹtí mi ń dárúkọ àwọn ọmọkùnrin mìíràn, mò ń sọ pé màá ronú sí i. Bàbá mi ò tú àpò kúrò lórí àga, kò sì tà á.

Balógun tèmi wá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo wa wà níbẹ̀. Báńdéèjì ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó sì ti ran bọ́tìnnì sí ẹ̀wù rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi àti ìyá mi, ó dìde, ó yí sí mi, ó dúró díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mo ti ń dárí jì í nínú ọkàn mi, kí n má purọ́. Ó wá lanu.

“Mo ti rin ayé já,” ó ní. Ohùn náà ti sán, àmọ́ Balógun ṣì wà nínú rẹ̀. “Gbogbo ọ̀nà tí mo sì rìn—”

“—ló dá mi padà sọ́dọ̀ rẹ,” ìyá mi bá a parí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀. “Abẹ́ igi ló ti sọ ọ́. Apá kan ló kù sí i lára.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi wo ilẹ̀. Mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán pátápátá, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ó dàárọ̀,” mo ní.

Ó lọ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó di férémù mú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, mo ń rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, mi ò mọ ohùn náà. Ó tín-ín-rín, ó ń ya láàárín, ó dà bí ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

“Dókítà ní ohùn mi ò ní padà sí bó ṣe wà. Mi ò níṣẹ́. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn.” Ó gbé itọ́ mì, ó dùn ún, a rí i pé ó dùn ún. “Bàbá, ẹ bi mí léèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fọ́nnu fún yín. Nígbà tó wá bàjẹ́ lóòótọ́, ojú tì mí láti padà wá jókòó síwájú yín. Òun ni mo ṣe purọ́. Kì í ṣe nítorí ọmọ yín. Mi ò rò tirẹ̀ rárá lọ́jọ́ yẹn. Ara mi ni mo rò.”

Kò yíjú padà. Bàbá mi wo ìyá mi.

“Ìyá ọmọ mi, ṣé èyí náà wà níbẹ̀?”

Ìyá mi ò kánjú. Ó gbé ojú sí òkè àjà, ó ń ronú, ó ń yẹ gbogbo wọn wò, àwọn olídà, àwọn ọmọ aládé, àwọn tó ń fò lójú ọ̀run.

“Rárá,” ó ní. “Kò sí èyí nínú ìkankan wọn.”

Bàbá mi fi òòlù sílẹ̀. Ó lọ sí igun, ó ká àpò ìrẹsì kúrò lórí àga aláwọ̀ ewé, ó gbọn eruku rẹ̀.

“Jókòó,” ó sọ fún un. “Mo ń wá ẹni tó máa bá mi di ìdí àga mú.”

Ó jókòó. Mo ti ilẹ̀kùn, mo bu omi fún un, mo sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ mo fi àyè sílẹ̀ láàárín wa kó má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó pẹ́ kí àyè náà tó dí. A ti ṣègbéyàwó báyìí, òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ ń kan àga, orí àga aláwọ̀ ewé yẹn náà la sì ti máa ń wo Balógun tí wọ́n bá tún gbé e síta. Tó bá dé ibi afárá, tí òmùgọ̀ yẹn bá rẹ́rìn-ín músẹ́ tó ní kí ọmọ ọlọ́mọ gbàgbé orúkọ òun, ọkọ mi á lanu láti bú u. Ohùn rẹ̀ ò lè gbé èébú tó gùn mọ́, nítorí náà èmi ni mo máa ń bú u fún àwa méjèèjì.